Adìẹ Tí Mo Dojú Wọn Délẹ̀

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Adabraka, kò sì sí kaba tí mi ò lè rán. Kaba ni ẹ̀wù tí àwa obìnrin ibí ń wọ̀ sórí síkẹ́ẹ̀tì gígùn. Aṣọ kẹta wà pẹ̀lú wọn, a kì í gé e, èjìká la ń gbé e kọ́.

Mo máa ń sọ pé sítáìlì ni mò ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni. Tí mo bá wo sítáìlì kan, ó di ewúrẹ́ tó ń jó, ó di tọkọtaya tí mi ò mọ̀ rí tí wọ́n ń jà, èmi náà á sì dá sí i. Fóònù ò tíì dún, ọwọ́ mi á ti wá a lọ. Àǹtí Síkírá, tó kọ́ mi níṣẹ́, tó kàn ń wá bá mi gán bọ́tìnnì báyìí, kìlọ̀ títí ó fi sú u.

"Ráfá, sísọ́ọ̀sì ń dúró dè ọ́."

"Ìṣẹ́jú kan, Àǹtí."

Ìṣẹ́jú mi kì í tán.

Sístà Bọ́sẹ̀ gbé aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú wá láti Tema. Ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Adìẹ àti ọmọ rẹ̀ ló kún ara aṣọ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé fóònù ti máṣíìnì, ọkùnrin kan ń fi irùngbọ̀n fa mọ́tò, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń gé aṣọ. Nígbà tí mo gbé iwájú kaba sókè, gbogbo adìẹ ti dorí kodò. Aṣọ kẹta nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ọ̀sán ni Sístà Bọ́sẹ̀ wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀: "Sístà, sítáìlì tuntun kan ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí..."

Àǹtí Síkírá wú ikọ́. 

"Irọ́ ni," mo ní. "Fóònù ni mò ń wò tí mo fi ba aṣọ ìyá yín jẹ́. Àfi ká gé aṣọ kẹta ká fi tún un ṣe."

"Ei! Òun ni Màámi fi pọ̀n mí!" Ó jókòó, ó sunkún. Ojú tì mí. Nígbà tó yá, ó nu ojú. "Ẹ rán an bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ kẹta yìí."

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi Mùsùlùmí lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bi Sístà Bọ́sẹ̀ pé ta ló rán kaba rẹ̀, ó nàka sí mi. "Òun nìyẹn. Fóònù ló ń wò!" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo kí wọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Láti ìgbà yẹn, Àǹtí Síkírá ló ń jókòó lé fóònù mi títí iṣẹ́ á fi parí. Ọwọ́ mi ṣì ń wá a.

Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin kan wá láti Circle, ó na fóònù tirẹ̀ sí mi lójú. Ẹnìkan ti ya fọ́tò Sístà Bọ́sẹ̀, ó sì ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Madam, sítáìlì yìí dùn ún wò paa! Ẹ dojú adìẹ délẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Àǹtí Síkírá dá bọ́tìnnì dúró, ó ń wò mí. Mo dá fóònù obìnrin náà padà fún un.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n rán."