Iyanrìn Inú Ìṣẹ́tí

Mo rántí ìgbà tí àwọn ìyá tó ń sá láfún ní àdúgbò wa ní Ìlá máa ń dúró dè mí lójú ọ̀nà kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Wọn kì í kí mi tán kí wọ́n tó gbójú sókè. "Tíṣà, ṣé yóò rọ̀ lónìí?" Èmi náà á gbójú sókè, màá fajú ro bíi dókítà tó ń wo aláìsàn, màá wá dá wọn lóhùn. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Jiọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo gbé ike tí a fi ń wọn òjò kalẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, mo so aṣọ pélébé mọ́ orí igi gíga kan kí n lè máa mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, fóònù mi sì ní ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Tí mo bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo máa ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà tí mo bá ṣì í, láfún wọn á tutù, wọ́n á sì ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo bá gbà á, èmi ni wọ́n ń yìn. Ìyìn bẹ́ẹ̀ lè ba ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́, ó sì ti ń bà mí jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde parí ìdánwò wọn, wọ́n ní òkun ni àwọn fẹ́ rí kí àwọn tó túká. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rí i rí. Èmi tí mò ń yà á sójú pátákó fún wọn náà kò rí i rí, àmọ́ n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, gbà pé kí a lọ sí etíkun kan ní Èkó tí èrò máa ń kún bámú nígbà ìsinmi. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá wa ṣe, ìyẹn ni pé èmi ni kí n mú ọjọ́ tí ewu kò ní sí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa ojú ọjọ́." Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ilé.

Mo wá etíkun náà rí nínú fóònù. Ojú ewé kan wà fún un, bí ìgbà tí wọ́n kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan jọ fún àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́. Lókè, wọ́n ya òòrùn sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí òjò máa ń sinmi lọ́dọ̀ wa. Nísàlẹ̀ òòrùn, wọ́n kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ kò ní pọ̀. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń sọ nípa ìgbì, bó ṣe ga tó, àti bí àkókò tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì ṣe gùn tó. Mo fi àtàǹpàkò tì í kọjá. N kò fojú di í. Mo kàn rò pé mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Gbogbo omi tí mo mọ̀ láyé mi, òjò ló ń bí i nínú. Odò tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi rí bẹ́ẹ̀, kànga wa rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń já láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá náà, bí òjò bá ti dá, á rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọdé lè dúró sábẹ́ rẹ̀ fọ orí. Èmi gan-an sì ti kọ ọ́ sójú pátákó pé afẹ́fẹ́ ló ń dá ìgbì sílẹ̀. Òjò kò ní sí, afẹ́fẹ́ kò ní sí, ìgbì wo ló tún kù? Mo mú ọjọ́bọ̀ fún ọ̀gá wa.

Gbogbo òbí ló fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ó ku ẹyọ kan. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó síwájú kíláàsì, tó máa ń bi mí ní ìbéèrè tó ju ohun tó wà nínú ìwé mi lọ. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ọjà. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá náà ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí aṣọ kan tó wọ̀ rí tí kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló rán an. Bàbá ní kò ní lọ. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ṣíwọ́ ìbéèrè bíbi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n dìde lọ bẹ̀ wọ́n.

"Tíṣà, omi lẹ̀ ń wí yẹn o," bàbá ní, wọn kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínnì. "Òun nìkan ni mo ní."

"Bàbá, mo ti wo ojú ọjọ́ dáadáa. Òjò ò ní rọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní fẹ́. Wọ́n kàn máa dúró létí omi ni. Ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ gan-an ò ní tutù."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n yọ téèpù lọ́rùn, wọ́n ká a. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé. Mo fi í lé yín lọ́wọ́."

Wọ́n rán aṣọ tuntun fún un fún ìrìn àjò náà, gáùn gígùn aláwọ̀ sánmà, pẹ̀lú híjáàbù tó bá a mu. Ìṣẹ́tí rẹ̀ fẹ̀, wọ́n ká a ní ìlọ́po méjì kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ bí ọmọ náà bá tún ga sí i. Nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí ọjọ́bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo yẹ́ ẹ sí. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì títí awakọ̀, ọmọ Iresi kan tí kò fẹ́ràn ìdádúró, fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe mọ́ wọn.

A dé etíkun lẹ́yìn ọ̀sán. Ohun gbogbo rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí. Òòrùn ń ràn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, imọ̀ àgbọn kò mì, àwọn ènìyàn ń jẹ, wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀gá wa gbá mi léjìká. Àwọn ọmọ dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí omi náà, bí ó ṣe lọ tí kò lópin, èmi náà dákẹ́, mo wá rántí pé èmi ni olùkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àsíá pupa kan wà nínú iyanrìn níwájú wa. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ etí omi, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sórí omi, rìn wá bá wa.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Òkun ń ru."

"Níbo ló ti ń ru? Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́."

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ibí. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì yìí ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ò lè rí. Ó máa ń sinmi, á jẹ́ kí ẹ rò pé ó ti tán, á wá kóra jọ dé."

Mo sọ fún un pé Jiọ́gíráfì ni mò ń kọ́ni. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó sì lọ bá àwọn mìíràn.

Lóòótọ́, omi náà ń sinmi nígbà tó lọ. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn ń yọ́ wá, ó ń kan iyanrìn, ó sì ń padà. Àwọn ọmọ ń wò mí. A ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí, wọn kò sì tíì fọwọ́ kan òkun tí wọ́n wá rí. Mo ní àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni àsíá wà fún, kí wọ́n lọ fi ẹsẹ̀ kàn án, kí wọ́n má kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Mo ti gbìyànjú láti rántí pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, kò ṣeé ṣe.

Ọmọ télọ̀ ló wà níwájú, ó kó bàtà rẹ̀ méjèèjì dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tọ́ omi náà wò bóyá ó níyọ̀ lóòótọ́. Ìgbì àkọ́kọ́ dé orúnkún rẹ̀. Èkejì gbé e nílẹ̀. Aṣọ gígùn yẹn mumi, ó wúwo, bí omi ṣe ń padà ó ń fà á lọ, n kò rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe híjáàbù aláwọ̀ sánmà. Mo sáré wọnú omi. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi dà mí lulẹ̀ kí n tó rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, iyanrìn kún ẹnu mi. Ọmọ Ìlàjẹ yẹn ló kọjá lára mi bí ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀, òun ló mú un lápá, òun ló gbé e jáde. Ọmọ náà pọ omi òkun jáde, ó húkọ́, ó la ojú. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo sunkún níwájú gbogbo kíláàsì mi.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn kan nítòsí, wọ́n ní kò sí ewu. Ọ̀gá wa ní òun fúnra òun yóò sọ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkàn gbogbo wa kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ kan mí nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń padà lọ́jọ́ kejì. Ó ti fọ gáùn náà, ó ti gbẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má sọ fún wọn. Wọn ò ní jẹ́ kí n lọ síbì kankan mọ́ láyé." Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ara tù mí nígbà tó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa kò tíì lọ ní ọjọ́ kẹta. Mo lọ. Mo ti to ohun tí màá sọ. Màá ní omi ta sí i lára díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, a sì gbá a mú. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, máṣínnì kò dún. Gáùn náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti tú ìṣẹ́tí rẹ̀ yí ká, wọ́n sì da iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ sínú ìdérí agolo bọ́tìnì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Aṣọ lọ́wọ́ àwọn mìíràn lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an ló gbé e láti lọ̀ ọ́, ó sì mọ bó ṣe yẹ kó wúwo tó.

"Tíṣà, ẹ jókòó," bàbá ní. "Níbo ni omi dé lára ọmọ mi?"

Ọwọ́ mi lọ sí orúnkún mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣètò pé yóò dúró. Mo wo iyanrìn yẹn, mo gbé ọwọ́ náà kúrò, mo gbé e lé àtàrí mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àsíá, ọkùnrin Ìlàjẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́rin tí mo rìn. Wọ́n ní kí n fi ohun tí mo wò kí n tó lọ hàn wọ́n. Mo ṣí ojú ewé náà. Wọn kì í ka gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa. Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ láti ibi òòrùn sí ibi afẹ́fẹ́, ó wá dúró sórí ìlà ìsàlẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìgbì ni. N ò wò ó, Bàbá."

"Ẹ máa lọ," wọ́n ní.

Ó lé lọ́dún kan tí wọn kò dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. N kò bínú. Mo dẹ́kun sísọ fún àwọn ìyá bóyá òjò yóò rọ̀. N kò yọ ojú ewé etíkun yẹn kúrò nínú fóònù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láràárọ̀, èmi tí n kò ní ohunkóhun í ṣe létíkun. Mo mọ̀ báyìí pé nígbà tí ọ̀run bá mọ́ jù ni kí n kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀.

Ọmọ náà rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀ ní Èkó. Bàbá rẹ̀ fúnra wọn ló gbé àpótí rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa nínú aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi kírun. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n tún bá wá.

"Tíṣà," wọ́n ní, "báwo lòkun ṣe rí lónìí?"

Mo yọ fóònù, mo ṣí ojú ewé náà. Mo ní ó ń ru, ìgbì ga, kí ọmọ má lọ síbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn yóò pè é.

Láti ìgbà náà, kò sí Jímọ̀ kan tí wọn kì í yà. Ibi tí ọmọ náà ń gbé kò sún mọ́ òkun rárá, kì í sì í lọ síbẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀, ó tún pè mí ó fi mí rẹ́rìn-ín. A gbọ́ ohun tó wí, àwa méjèèjì. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo rí bàbá lókèèrè tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, mo sì ti ṣí ojú ewé náà kí wọ́n tó dé. Wọ́n jókòó. Mo kà á fún wọn láti òkè títí dé ìlà ìsàlẹ̀.