Ìgbẹ́kẹ̀lé Tó Ń Ṣọ́ Àmín

Kí ìpolongo ìbò alága káńsù tó dé, fóònù ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Òrè, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbò ló bà á jẹ́. Ọ̀túnba Sàlàkọ́ tó ń du ipò náà ní kó máa bá òun ṣọ́ gbogbo agbo Wásáàpù tó wà ní Òdígbò, kó máa sọ ẹni tó ti kúrò lẹ́yìn òun àti ibi tó yà sí. Bí òun bá wọlé, Ìgbẹ́kẹ̀lé ni yóò di olùrànlọ́wọ́ òun lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, pẹ̀lú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá gbé fóònù tó fọ́ dé, ọ̀gbẹ́ni á ní kó dúró ná, òun ń wo ìlú.

Ọ̀nà tó ń gbà wo ìlú náà rèé. Ó fi orúkọ obìnrin kan tí kò sí láyé yìí wọ agbo àwọn Àyànlọ́wọ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá Ọ̀túnba du ipò. Ẹni tó bá ti dáhùn "Àmín" níbẹ̀, Ìgbẹ́kẹ̀lé á ní ó ti yà lọ. Ẹ gbọ́ ná, ní ilẹ̀ Òdígbò yìí, tí ilé àdúrà pọ̀ ju ilé ìwòsàn lọ, ta ni yóò rí àdúrà tí yóò panu mọ́? Àwọn Àyànlọ́wọ̀ kò sì níṣẹ́ méjì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ pé ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó wà nínú ilẹ̀ Agbabu, á di owó lọ́wọ́ wa lọ́dún yìí. Ọ̀dà tí wọ́n ti ń fẹnu wà láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti wà lọ́mọdé. Ọ̀tá Àyànlọ́wọ̀ gan-an á ṣe Àmín sí i. Àwọn àgbẹ̀ tó wá dáko kòkó ní Aráròmí-Obu, tí wọn kò tilẹ̀ mọ Àyànlọ́wọ̀ lójú, ṣe é.

Ìgbẹ́kẹ̀lé gbé ìròyìn lọ: Aráròmí ti yà, Agbabu ti ń mì. Ẹ̀rù ba Ọ̀túnba, ó ní kó yọ gbogbo ọ̀dàlẹ̀ kúrò nínú agbo òun. Ó ń yọ wọ́n lọ lójú gbogbo ayé, títí ó fi kan nọ́ńbà ìyá rẹ̀, tí òun náà ti ṣe Àmín lọ́hùn-ún. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pè é nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ. Kò sí àdúrà tí kì í ṣe Àmín sí, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ sọ pé ó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ ńkọ́? Ọ́fíìsì lọ nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ ìyá rẹ̀. A sọ òkò sọ́jà, ó bá ará ilé ẹni; ti Ìgbẹ́kẹ̀lé tún burú jù bẹ́ẹ̀, ó rí ará ilé kó tó sọ ọ́.

Ìyá kò bá a jà. Ó kàn bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ ìbò dé, Àyànlọ́wọ̀ fi Ọ̀túnba gbálẹ̀, àní ní àgọ́ ìdìbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀túnba gan-an. Ìgbẹ́kẹ̀lé fi ìbínú wọlé tọ ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Inú yín ti wá dùn báyìí, ẹ̀yin àti Àyànlọ́wọ̀ yín."

Ìyá kò gbójú sókè. "Sàlàkọ́ ni mo dìbò fún, Ìgbẹ́kẹ̀lé. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí tìẹ ni mo ṣe dì í. Àwọn yòókù tó o lé, wọn ò lọ́mọ lọ́dọ̀ ẹ̀."