Ilẹ̀kùn Tó Há Láàárín Eré Orin

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Woodbridge, ní ilẹ̀ Kánádà. Nígbà òtútù ọdún kan, àwọn àgbàlagbà òyìnbó kan ní Mississauga ní kí n wá kan ṣọ́ọ̀bù sórí ìtàgé fún wọn. Ẹgbẹ́ eléré ni wọ́n. Eré orin apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń ṣe ní London ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n fẹ́ràn. Ìtàn rẹ̀ kò le: ọmọbìnrin kan ń ta fìlà, ọmọ ọlọ́lá kan fẹ́ fi í ṣaya, bàbá ọmọ náà kọ̀, wọ́n sì ń kọrin títí bàbá fi gbà. Ìyá tó ń ṣe ọmọbìnrin ọ̀hún ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Bàbá tó ń tẹ dùùrù fún wọn fẹ́ràn mi. Bí mo bá ti gbé òòlù sílẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ àwọn tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹnì kan á ṣe ohùn orin, ẹlòmíì á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnì kẹta á sì já wọlé pẹ̀lú orin tí kò kan ìtàn náà rárá. Tí èrò bá ti pàtẹ́wọ́, ó di ara eré nìyẹn. Mo bi í bóyá wọn kì í jà. Ó ní wọ́n ń jà, wọn kàn kì í ráyè jà á parí ni.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n ṣe eré, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin tó wà ní yunifásítì jókòó níwájú. Èmi wà lẹ́yìn ìtàgé. Nígbà tó tó àkókò kí ọmọ ọlọ́lá wọlé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo kàn kò ṣí. Ọ̀dà tí mo kùn láàárọ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù. Ìyá onífìlà kọrin lẹ́ẹ̀mẹta pé olólùfẹ́ òun ń bọ̀, olólùfẹ́ kò dé. Bàbá onídùùrù kò dáwọ́ dúró. Ó fi ohùn orin náà kọ ẹsẹ tí n kò gbọ́ rí, pé olólùfẹ́ ti dé, káfíńtà ni kò jẹ́ kó wọlé.

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fi èjìká gbá ilẹ̀kùn náà. Tòun ti férémù ló wó, èmi náà sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú fìlà tí mo fi ń lọ mọ́ṣáláṣí.

Ìyá náà wo fìlà mi. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni, sà?”

Mo ní, “Rárá, mà. Ilẹ̀kùn ni mo wá tún ṣe.”

Àtẹ́wọ́ náà pẹ́. Kí a tó tú ká, wọ́n ti ní kí n wá ṣubú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú. Mo gbà, bí wọ́n bá máa jẹ́ kí n kírun tán ná. Nínú mọ́tò, ọmọ mi ń wo fídíò náà léraléra, ó ní, “Daddy, you were actually good.” Ìyàwó mi ní tí mo bá máa ṣubú lọ́la, kí n wọ ṣòkòtò tí kò ya.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́, torí ìtìjú ti jẹ́ kí n tún un ṣe jù. Ọmọ ọlọ́lá wọlé láìsí wàhálà. Bàbá onídùùrù, tó ti ń retí kí n ṣubú, fi ìbínú wò mí. Mo yáa fẹsẹ̀ ara mi wọlé tẹ̀lé e, mo ní mo fẹ́ ra fìlà. Ìyá náà wo àtẹ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé èyí tó ní ìyẹ́ ẹyẹ lé mi lórí.