Ìyá Onítéèpù àti Fóònù Ọ̀kẹ́ Mẹ́ta

Ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, ni wọ́n ń ta fóònù náà. Ìyá Onítéèpù san ọ̀kẹ́ méjì lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣèlérí pé ọ̀kẹ́ kan tó kù yóò dé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Aránṣọ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń ránṣọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà, téèpù ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀.

Bó ṣe ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á ló ṣe yẹ fóònù náà wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá yóò dún. Ó gbé e síta sínú oòrùn, ó rí i pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó ní kò burú, inú ilé lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tà á ní tí wọ́n bá gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì gbáko ni yóò lò. Ìyá Onítéèpù wá yí i padà, ó rí kámẹ́rà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọmọ mi, ojú mẹ́rin yìí, mélòó ló ń ríran nínú wọn?”

Ọlọ́jà fóònù wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá àwọn oníbàárà tó kù ń gbọ́. “Màmá, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Ẹyọ kan ni. Àwọn tó kù kàn ń bá a jókòó ni.”

Òótọ́ yẹn ló mú kó sanwó. Ọkùnrin náà tún fi kún un pé tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà kí ọjọ́ méje tó pé, òun yóò dá owó rẹ̀ padà.

Àbúrò Ìyá Onítéèpù, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó ń lo fóònù ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbé e wò lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé fóònù lẹ rà ni àbí bíríkì?”

“Bíríkì tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì ni. Tìrẹ ti máa ń dákú kí ọ̀sán tó pọ́n.”

Lọ́jọ́ kẹta, ilé ìwòsàn kan ládùúgbò gbé iṣẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì ogún fún un, ọ̀kẹ́ mẹ́ta àtààbọ̀ lápapọ̀. Wọ́n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sílẹ̀ fún aṣọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fi aṣọ àtijọ́ kan lé e lọ́wọ́, ó ní búlúù tuntun kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀ gbà kí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá.

Ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa ń gé àjákù bíńtín nínú ìṣẹ́tí aṣọ àtijọ́, táá dì í mọ́wọ́ lọ sọ́jà. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù tuntun wà lọ́wọ́. Ó ya àwòrán aṣọ náà nínú yàrá, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ lọ́jà, méjèèjì jọra bí ìbejì, ó ra ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ó délé, ó tẹ́ tuntun lé ti àtijọ́. Ti àtijọ́ dà bí ojú ọ̀run, tuntun dà bí tàdáwà. Ẹni tó ń taṣọ kì í sì í gba aṣọ tí wọ́n bá ti gé padà.

Ó jókòó. Tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ọ̀kẹ́ kan tó ṣèlérí ti wọgbó nìyẹn. Ó di fóònù sínú páálí rẹ̀, ó ní òun yóò dá a padà.

Àbúrò rẹ̀ wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Ìyá Onítéèpù ní kó mú fóònù tirẹ̀ wá, kó ya aṣọ nọ́ọ̀sì náà níbi tí òun ti yà á. Ó yà á. Àwòrán náà mọ́ lóló, ó dán, ṣùgbọ́n tàdáwà náà ni.

“Tìrẹ náà purọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò tẹjú mọ́ ọn títí. “Ṣùgbọ́n irọ́ tiẹ̀ lẹ́wà.”

“Irọ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kò gbọdọ̀ má lẹ́wà.”

Ìyá Onítéèpù yọ fóònù rẹ̀ kúrò nínú páálí. Òun ló gbé iṣẹ́ àjákù fún kámẹ́rà, ẹ̀bi òun ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti fi pe aránṣọ mẹ́sàn-án, ó sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé aṣọ náà dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni kẹsàn-án rà á ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kún un nínú owó àpótí rẹ̀, ó gé àjákù, ó padà sọ́jà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rán an. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ìwọ̀n ara wọn sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní láti dá ẹsẹ̀ dúró kó tó gbọ́. Àyè inú rẹ̀ kò pọ̀, ó ń pa àwòrán rẹ́ lálaalẹ́. Tó bá lọ́ra, a máa dúró dè é.

Ní Sátidé, ilé ìwòsàn gba aṣọ náà, wọ́n san ọ̀kẹ́ méjì tó kù. Ìyá Onítéèpù gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà fóònù lọ tààrà, ó ní kó máa kìlọ̀ fún àwọn aránṣọ pé kámẹ́rà yìí kò mọ búlúù. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí obìnrin náà pàdánù, ó fẹ́ yọ ẹgbẹ̀rún méjì fún un nínú gbèsè rẹ̀.

“Rárá o. Mi ò bi ọ́ léèrè àwọ̀. Ohun tí mo bi ọ́, o dáhùn.”

Ó ka ọ̀kẹ́ kan sórí tábìlì. Ọlọ́jà tún un kà, ó fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé gbèsè. Nígbà tí Ìyá Onítéèpù dá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ padà sínú àpótí, tó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó òwú àti síìpù, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló kù, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.