Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Àwòrán Ọpọlọ Màmá Mi

Èmi kì í ṣe onísùúrù, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Arámọkọ tí yóò sọ pé irọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìlórò pé òun fẹ́ gbé Màmá lọ sórí òkè àdúrà fún ìdáǹdè, mo là á mọ́lẹ̀ fún un pé kó má dán an wò. Ó ní n kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run ló dá dókítà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́ o. Màmá a máa bi wá ní ìbéèrè kan náà títí ọ̀fun yóò fi gbẹ wá. Ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú àpótí aṣọ rí. Ó jáde lọ́sàn-án gangan, ó ń wá ilé tó ń gbé láti ogójì ọdún. Àwọn ará ìjọ sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń wẹ òkú, òkú lè bá a wálé.

Òótọ́ ni pé òun ló máa ń tọ́jú àwọn obìnrin ìjọ wa tó bá ṣaláìsí. Òun ni yóò yọ yẹtí àti òrùka wọn, tí yóò tú irun wọn, tí yóò fi òwú dí wọn ní etí àti imú, tí yóò wọ aṣọ funfun fún wọn. Kì í kánjú. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló: "Rọra, ó ti tán."

Dókítà tí mo gbé Màmá lọ bá ní ká lọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ ní ìlú ńlá kan, lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ ohun tí mo lè gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi kí n ní, wò ó, àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe òkú. Bí n kò bá rí i, wọn yóò gbé ìyá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì so irú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọn yóò sì fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀.

Ọ̀nà ò dáa, a sì pẹ́ débẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà ní irin kankan ò gbọdọ̀ kù lára Màmá. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo yọ yẹtí. Mo yọ píìnì tó fi há irun. Òrùka ìgbéyàwó kọ̀, kò jáde, mo fi ọṣẹ pa ìka rẹ̀, mo sì ń yí i pẹ̀lú ìkánjú títí ó fi bọ́. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù funfun kan, mo wọ̀ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà fi fóòmù dí i létí nítorí ariwo, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró, ó so orí rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀dì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ihò ẹ̀rọ náà lọ.

Màmá di ọwọ́ mi mú. Kò pariwo. Ó ní, "N kò tíì kú. Fọwọ́ kàn mí, ara mi ṣì ń gbóná."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí mo ti ń ṣe, létòlétò, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n mo rántí orí òkè, inú sì ń bí mi. Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo ní, "Ẹ rọra, Màmá, ó ti tán."

Dókítà gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà. Ó fi bírò tọ́ka sí ibi kékeré méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, nísàlẹ̀ ọpọlọ. Ó ní ibẹ̀ lèèyàn fi ń mú ọ̀rọ̀ tuntun dúró, ti Màmá ti súnkì, omi ti gba àyè rẹ̀. Ó ní bí òun bá pa á pọ̀ mọ́ gbogbo ìbéèrè tí òun ti bi í, àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alusáímà ni. Nígbà tí mo gbé èyí tí wọ́n tẹ̀ sí fíìmù fún ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí, kò sì dárúkọ orí òkè mọ́. Mo borí.

Ṣùgbọ́n Màmá ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Ká tó padà dé Ẹ̀fọ̀n ló ti gbàgbé ẹ̀rọ, ó ti gbàgbé ìrìn àjò pàápàá. Síbẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá gbé iyán fún un, á jẹ. Tí èmi bá gbé e, á pa ẹnu dé, á ti ọwọ́ tí òrùka rẹ̀ ti padà sí sábẹ́ itan. Mo pe dókítà. Ó ní ibòmíràn ni ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ lè lọ kí ẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlórò. Eruku ọyẹ́ pọ̀, mo fi ìborùn bo imú àti ẹnu. Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó sún fún mi kí n jókòó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi gbẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ó di apá mi mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi pe ọmọ mi obìnrin ní Arámọkọ. Kó tètè wá gbé mi. Obìnrin kan ń wá sí ulé yìí tó fẹ́ sin mí láàyè."

Mo ní ó ti ń bọ̀ lọ́nà. N kò yọ ìborùn kúrò lójú mi.