Lẹ́tà tí Màmá Tíṣà Kọ sí Philemon

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Philemon Oyèkànmí ti ń fi ẹ̀rọ fọ́ èkùrọ́ ní Àyèká. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà. Dora, ìyàwó rẹ̀, a sì máa dín èkùrọ́ tí wọ́n bá fọ́ nínú agbada, kó lè yọ àdín rẹ̀ tà.

Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, Màmá Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, kọ lẹ́tà sí Philemon. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni Philemon kà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ka lẹ́tà. Ó rí i kà pé ọkọ Màmá Tíṣà ń ṣàìsàn, kò sì rí oorun sùn nítorí "din" tó ń ti ilé òun wá.

"Dora, pa iná yẹn! Èkùrọ́ tí ò ń dín ló ń da bàbá yẹn láàmú. Èéfín rẹ̀ ni."

"Èyí tí mo ti ń dín látìgbà tí mo ti délé yín?"

Síbẹ̀, Dora bu omi paná. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni agbada fi dojú dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó pe Philemon lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn, àfìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká.

"O ò tiẹ̀ fèsì lẹ́tà mi!"

"A ti ṣíwọ́ dídín, mà."

"Ta ló ń sọ ti dídín?" Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há. "Ariwo ni din lédè òyìnbó! Ẹni tó kígbe lẹ́ẹ̀kan, a kì í pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ariwo ńlá tí kì í dá, tó ń lu èèyàn lágbárí, bí irú èyí tó wà lẹ́yìn rẹ yìí!"

Philemon bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ. "Èyí kò pariwo mọ́, mà. Ó ti pẹ́ tó ti rọlẹ̀. Mo rò pé ogbó ló ń gbó ni."

Màmá Tíṣà yíjú sí Dora. Dora sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Juliet, ẹ̀rọ kọ́ ló rọlẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kígbe bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ní mò ń jà."

Philemon pa ẹ̀rọ, ó jókòó lórí àpò èkùrọ́. Ó ń wo ẹnu àwọn obìnrin méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dókítà tó yẹ etí rẹ̀ wò ní Òkìtìpupa sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà, kó yáa tọ́jú ìyókù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Philemon ti gbé ẹ̀rọ lọ sóko rẹ̀ lọ́nà Ìlútítun.

Ọkọ Màmá Tíṣà rí oorun sùn fún oṣù mẹ́rin kó tó kú. Níbi ìsìn ìsìnkú rẹ̀, ìjókòó iwájú ni Philemon wà, níbi tó ti lè rí ètè wòlíì dáadáa bó ṣe ń wàásù.