Ọfà Kékeré Tó Wà Lára Fáànù Alájì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n yáa fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, kí ẹlòmíràn tó bá mi fi iyọ̀ àti ata sí i. Mo mọ̀ yín! Ẹ fẹ́ràn ìròyìn ju oúnjẹ lọ.

Ṣé ẹ rántí Alájì Fáànù Òkú? Ẹ máa rántí. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn níbí, ẹ̀yin náà lẹ sì fi ẹ̀rín gbè mí. Àwọn kan nínú yín fi ránṣẹ́ títí dé òkè òkun. Ó dáa. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìyókù.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì, kí n tó fi ẹ̀yìn tì, tí mo sì ṣí gbọ̀ngàn sinimá kékeré kan ní Dópẹ̀mú. Ìjókòó ibẹ̀ kò tó ọgọ́rin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó tó mi! Projẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, tòkúnbọ̀ ni, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀.

Gílóòbù tó wà nínú ẹ̀rọ náà gbóná ju ààrò búrẹ́dì Agége lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi fáànù kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ooru bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà á paná fúnra rẹ̀ kó má baà jóná.

Fáànù yìí ló kú. Mo béèrè tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé. Iye tó pè fún mi, mo bi í pé ṣé fáànù náà máa ń se ọbẹ̀ ni? Ó tún ní kí n dúró oṣù mẹ́ta. Ta ló fẹ́ dúró?

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Alájì nìyẹn. Ìsọ̀ wọn wà ní òpópó tóóró kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ tó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì ń ta èyí tó ṣì dáa nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Alájì, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àṣà kan wà ní òpópó yẹn: tí ọlọ́jà àti oníbàárà bá ń jiyàn pé nǹkan dáa tàbí kò dáa, iwájú Alájì ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Alájì á dán an wò lójú gbogbo èèyàn. Ohun tí wọ́n bá ti wí, ìjà parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n joyè o. Òótọ́ wọn ló fi wọ́n síbẹ̀.

Wọ́n wá fáànù kan fún mi, ó bá tèmi mu rẹ́gí. Wọ́n so ó mọ́ iná, wọ́n mú náílọ̀n búrẹ́dì tí wọ́n jẹ láàárọ̀, wọ́n nà án síwájú rẹ̀. Fìrì! Náílọ̀n fò kọjá lórí mi, ó lọ bà lé ìsọ̀ kejì.

Wọ́n wá fi ọfà kékeré kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Tíṣà, ibi tí ọfà yìí bá kọjú sí ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Ìta ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọjú sí o.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ṣé mo lè gbọ́ irú ìyẹn kí n dákẹ́? Mo ní, “Háà, Alájì! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ èmi ní fíṣíìsì? Àbí ẹ ti gbọ́ pé àyè iṣẹ́ mi ṣófo?” Gbogbo òpópó bú sẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bá mi fi bébà wé e.

Nígbà tí mo dé Dópẹ̀mú, mo wo ọfà yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ìmọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu! Ṣebí ẹni tí ooru ń mú la máa ń kọjú fáànù sí? Ta ló ń kọjú fáànù sí ojú fèrèsé? Gílóòbù ni ooru ń mú, gílóòbù náà ni kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Mo kọjú ọfà sínú. Mo de skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣiṣẹ́, mo yin ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kó àwọn ọmọ wá wo fíìmù lọ́sàn-án. Fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn jù ni ojú ògiri bá ṣú dùdù. Ariwo! Mo tan án, ó tún kú. Mo tan án, ó tún kú. Tíṣà wọn bi mí pé ṣé oorun làwọn kó àwọn ọmọ wá sùn ni. Ọmọ kan ń sunkún pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ajá inú fíìmù yẹn délé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Kàkà kí n yẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi wò, fóònù ni mo mú. Mo ya fọ́tò fáànù náà níbi tí mo dè é sí, mo kọ orúkọ ìsọ̀ Alájì sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e síbí fún yín, mo ní òkú fáànù ni wọ́n ń tà fún alààyè. Alájì Fáànù Òkú! Ká sọ òótọ́, àwàdà náà dùn mọ́ mi. Bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mò ń fi kún un.

Alájì pè mí lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀, mi ò gbé e. Nígbà tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹrin, mo búlọ́ọ̀kù wọn.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí gbọ̀ngàn fi wà ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń bá mi ta tíkẹ́ẹ̀tì jẹ búrẹ́dì tán, mo ní kí n tún tan ẹ̀rọ yẹn wò. Náílọ̀n búrẹ́dì wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀. Bí fáànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, náílọ̀n dìde, ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ pẹ́kí.

“Ọ̀gá mi,” ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí, “ṣé ebi ń pa máṣíìnì yìí náà ni? Ẹ wò ó bó ṣe ń fa náílọ̀n mu bí ọmọ ọwọ́!”

Mo rẹ́rìn-ín. Lójijì ni mo rántí ìsọ̀ Alájì. Náílọ̀n ti Alájì fò lọ. Tèmi lẹ̀ mọ́ ọn. Fáànù tó yẹ kó máa lé ooru jáde, èmi ni mo ní kó máa tì í padà sínú!

Mo tú skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yí i padà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. A fi fíìmù sí i, ó ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń jó. Èmi ń ro ti Alájì.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Ìkẹjà. Mi ò tíì dé ìsọ̀ tí ẹnì kan fi kígbe pé, “Alájì Fáànù Òkú, ẹ ní àlejò o!” Orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ sórí fóònù! Iwájú ìsọ̀ tó máa ń kún fún èèyàn ṣófo. Àwọn méjì ń jiyàn lórí ẹ̀rọ kan nísọ̀ kẹta, wọ́n sì gbé e kọjá níwájú Alájì lọ bá ẹlòmíràn. Alájì kàn ń wò wọ́n.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò tíì la ẹnu tí wọ́n fi ní, “Ẹ dìde, Tíṣà. Mo mọ̀.”

Wọ́n mọ kí ni? Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí fọ́tò tí mo gbé jáde, wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ọfà náà wà níbẹ̀ kedere, ó kọjú sínú.

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e jáde ni mo ti rí i. Ìdí tí mo fi ń pè yín nìyẹn. Gílóòbù yẹn lè bẹ́ mọ́ yín lójú.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ọfà yẹn han àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, “Kí n máa pariwo pé tíṣà fíṣíìsì ò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà? Ṣebí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ wà lára àwọn tó ń kà á.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Mo bọ́ sí àárín òpópó. Mo fi ohùn tí mo fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Àwọn kan mi orí. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ sí mi. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí padà wá síwájú Alájì. Ẹnì kan ṣoṣo o.

Bí mo ṣe ń lọ, ẹnì kan tún pè wọ́n, “Alájì Fáànù Òkú, ẹ bá mi mú okùn iná yẹn!” Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ti di orúkọ wọn. Alájì sì jẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: kí ẹ tó tọ́ka sí ẹni tó tà á, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó dè é. Fáànù, skúrù mẹ́rin ni mo tú tí mo fi yí i padà. Orúkọ tí mo sọ èèyàn, mi ò tíì rí skúrù rẹ̀.

Mi ò ní yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ẹ padà lọ wò ó, ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́, ẹ wo ọfà. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti dá lẹ́bi rí, tó wá já sí pé ọwọ́ yín ni ẹ̀bi wà? Ṣé ẹ padà lọ bá a? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ.